Pátákó Abẹ́ Sìmẹ́ńtì

Èmi ni mo kọ lẹ́tà tó pe Màmá Ìkẹ́ wá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Èmi Jùwọ́nlọ, akọ̀wé ìjọ, ni mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tí mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ìyá wa tí Ọlọ́run yọ lọ́wọ́ ikú". Mo rò pé mo ń pọ́n wọn lé ni.

Margaret ló wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ní Festac. Taípíìsì ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n nígbà ayé iṣẹ́, ilé tí wọ́n sì ti ń gbé láti ìgbà náà, lẹ́bàá Fifth Avenue, ni wọ́n ṣì wà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Màmá ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n kọ́ èmi, wọ́n tún ń kọ́ Àdúràolúwa ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ tí kò bá mọ akọ́sórí, Màmá kì í nà án. Wọ́n á kàn ní kó dìde dúró, wọ́n á sì máa wò ó títí yóò fi rántí. Pàṣán sàn jù ú lọ.

Ní àárọ̀ Sunday kan nínú oṣù kẹta ọdún 2020, Màmá ń lọ mú ọmọ kíláàsì wọn méjì wá láti Abúlé Adó, torí pé ara ìyá àwọn ọmọ náà ò yá. Wọn ò tíì dé ojúlé náà nígbà tí ìbúgbàù ńlá ẹ̀bá páìpù epo ọjọ́ yẹn ṣẹlẹ̀, tí ògiri wó lé wọn. Àwọn tó yọ Màmá jáde rò pé ó ti parí. Wọ́n tẹ́ Màmá sẹ́bàá ọ̀nà láàárín àwọn òkú, wọ́n fi ìró bò wọ́n lójú. Obìnrin kan tó ń wá ọmọ tirẹ̀ ló ṣí ìró náà, tó rí i pé ìpéǹpéjú ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà, etí òsì Màmá ò gbọ́ràn mọ́.

Gbogbo ìjọ ń retí kí Màmá wá jẹ́rìí. Màmá kọ̀. Alàgbà Henry, alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, lọ bá wọn nílé.

"Màmá, ẹ̀rí yín á yí ọ̀pọ̀ ọkàn padà."

"Àwọn tí wọ́n tẹ́ mi sáàárín wọn ńkọ́?" ni Màmá bi í. "Ta ló máa jẹ́rìí tiwọn?"

Alàgbà Henry mú fìlà rẹ̀, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún kẹrin lẹ́yìn náà, ó wá ilẹ̀ ọ̀fẹ́ kan rí fún ìjọ, pé ká fi kọ́ gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé. Ilẹ̀ náà gùn, ó tẹ́jú, koríko nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Abúlé Adó á mọ ìdí tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣófo. Páìpù epo ló gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo mọ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló mọ̀. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ rántí pátákó pupa tí wọ́n rì síbẹ̀.

Alàgbà Henry bú sẹ́rìn-ín. "Pátákó ìjọba! Ta ló ń ka pátákó ìjọba l'Ékòó?"

Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ní Màmá Ìkẹ́ ni kó fi búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀. "Tí ẹni tí iná ibẹ̀ ò rí pa bá fi lélẹ̀," ó ní, "ta ló tún máa bẹ̀rù?" Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé gbogbo wa fẹnu kò.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé ìpìlẹ̀, a ta kánópì, àwọn ọmọ wọ funfun, pásítọ̀ gbàdúrà. Wọ́n fa irin tí bíríkìlà fi ń bu kọnkéré lé Màmá lọ́wọ́. Màmá ò bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ to àpò sìmẹ́ńtì sí ni wọ́n ń wò.

"Jùwọ́nlọ, kí ló wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn?"

"Pákó ni, Màmá. Kí omi má bàa wọ̀ ọ́."

"Pákó wo ló pupa?"

Màmá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ gbé àpò náà kúrò, kí wọ́n yí pákó ọ̀hún padà. Pátákó ìjọba ni. Màmá pe ọmọ mi. "Àdúràolúwa, wá kà á sókè."

Ọmọ náà kà á bó ṣe ń ka akọ́sórí níwájú ìjọ: "Ewu! Páìpù epo wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe kọ́lé síbí." Ó kúnlẹ̀ nígbà tó parí. Àwọn ìyá kan ti pàtẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wọn.

"Gbogbo yín ni mo kọ́ ní ìtàn ọlọ́rọ̀ àti Lásárù," ni Màmá wí. "Ọlọ́rọ̀ wà nínú iná, ó ń bẹ Ábúráhámù pé kó rán òkú kan lọ kìlọ̀ fún àwọn arákùnrin òun márùn-ún. Ábúráhámù ní wọ́n ti ní ìwé Mósè àti ti àwọn wòlíì. Tí wọn ò bá gba ìyẹn gbọ́, òkú tó jí dìde ò ní yí wọn lọ́kàn padà. Láti kékeré ni mo ti ń rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti le jù. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà rán òkú náà. Ó dáa. Wọ́n ti rán mi. Kí lẹ fi mí ṣe? Ẹ ní kí n wá fi búlọ́ọ̀kù lélẹ̀!"

"Màmá, ẹ̀mí àìgbàgbọ́ nìyí o," ni Alàgbà Henry wí. "Ọlọ́run tó yọ yín máa ṣọ́ àwọn ọmọ."

"Henry, ẹni tí kò rí àmì kọ́ ni aláìgbàgbọ́. O rí i. O gbé sìmẹ́ńtì lé e lórí."

Màmá fi irin náà sórí pátákó, wọ́n sì ń lọ sí títì. Alàgbà Henry he irin náà, ó fi búlọ́ọ̀kù lélẹ̀ fúnra rẹ̀. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ojú ṣì ń tì mí títí dòní.

Ní Sunday kejì, Màmá bẹ̀rẹ̀ kíláàsì nínú gáréèjì wọn. Ọmọ mẹ́rin ló wá. Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ lẹ́tà pé Màmá kì í ṣe olùkọ́ ìjọ mọ́. Mo kọ ọ́, mo gbé e lọ. Màmá kà á tán, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n kọ akọ́sórí ọ̀sẹ̀ náà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara pátákó pupa ni.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kiri ilé. Àdúràolúwa ń kà á nídìí oúnjẹ, ó ń kà á nílé ìwẹ̀. Ìyàwó mi Bukky gbọ́ ọ títí ó fi yíjú sí mi. "Bàbá Àdúrà, ọmọ mi ò ní dé gbọ̀ngàn yẹn. Tó bá wù yín, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ fúnra yín." Irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nílé àwọn ẹlòmíì náà. Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́.

Gbọ̀ngàn ti parí báyìí. Ó ní fáànù mẹ́rìnlá, orúkọ Alàgbà Henry sì wà lára ògiri. Èmi ni mo máa ń ka iye ọmọ tó wá sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún ìjọ. Alàgbà Henry ní kí n máa fo iye náà, mo sì ń fò ó, bí ojo tí mo jẹ́.

Ní Sunday tó kọjá, bí mo ṣe dìde ka ìkéde níwájú ìjọ, mo rí Màmá Ìkẹ́ lórí àga ẹ̀yìn, wọ́n kọ etí ọ̀tún tó ṣì ń gbọ́ràn sí mi. Wọ́n ń wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tí kò mọ akọ́sórí.

"Gbọ̀ngàn tuntun," mo kà á, "ọmọ tó wá, kò sí. Gáréèjì Màmá Ìkẹ́, ọmọ mọ́kàndínláàádọ́ta."

"Akọ̀wé, jókòó!" Alàgbà Henry ti dìde.

"Mi ò jókòó," mo ní. "Ó ku akọ́sórí. Ewu! Páìpù epo wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe kọ́lé síbí."