Agogo Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Àwọn mìíràn ti ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì gbàgbé ẹnì kankan nínú wọn, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́.

Orí mi ti ń funfun kí n tó bí ọmọbìnrin mi. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, kì í wo ojú ènìyàn, ó sì lè máa to ìdérí ìgò láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Dókítà pè é ní ọ́tísíìmù, ó ní kì í ṣe àìsàn, bí a ṣe dá a ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní irọ́ ni, ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń bá a ṣeré. Ìyá Ìjọ ni ó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Ìkàtẹ́ nígbà náà. Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbi iṣẹ́ ní ilé ìkàwé, ó wá gbé ọmọ mi, ó gbé e jókòó sáàárín àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń lu agogo yí orí rẹ̀ ká. Ọmọ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọkọ mi ni ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ọkọ mi ti kú báyìí. N kò tíì dé orí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí agogo bá dún, ọmọ mi á wólẹ̀, á fi apá bo etí, á máa fi orí gbá ilẹ̀. Nígbà tí ó parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo ń wá sẹ́kọ́ńdìrì tí yóò gbà á, ìbéèrè kan ni mo ń gbé kiri láti Lẹ́kkí dé Ajah: kí ni ẹ fi ń pe àwọn ọmọ wọ kíláàsì?

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìyá ìyá rẹ̀ ni yín?" Ọmọbìnrin tó jókòó ní ọ́fíìsì ilé ìwé àkọ́kọ́ ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Ìyá rẹ̀ ni mí."

"Ẹ má bínú, Gíránmà."

Mo ka ìwé òfin wọn tán níwájú rẹ̀, nítorí ìwé ni mo fi jẹun láyé mi. Ojú ewé àkọ́kọ́ ní gbogbo ọmọ ni àwọn gbà. Ìparí rẹ̀ ní ọmọ tó bá ń dí kíláàsì lọ́wọ́, kí òbí rẹ̀ wá mú un lọ sílé. Mo fi ìka mi lé e.

"Háà, ìyẹn ò kan ọmọ tiyín o, mà. Àwọn ọmọ burúkú la kọ ọ́ fún."

Agogo dún lókè orí wa bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo mú àpamọ́wọ́ mi.

Èkejì, ní Ajah, òfin wọn ni pé kí ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan kúnlẹ̀ kí olùkọ́ lẹ́nu géètì láràárọ̀. Mo ní ọmọ tèmi kì í kí ènìyàn, kì í ṣe ìgbéraga. Ọ̀gá wọn ní, "Ẹ kọ́ ọ ni, Mọ́mì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Ó fi òwe gbá mi létí bí ẹni pé èmi kò tó bí i lọ́mọ.

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó dé ìkẹta, lójú ọ̀nà Elékọ̀ọ́, ní àdúgbò oníyanrìn kan. Wọn kò ní agogo. Àsíá pupa ni olùkọ́ ń gbé kọjá lójú fèrèsé bí iṣẹ́ bá parí.

"Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ògiri wa ló fà á," ni obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ wí. "Bí wọ́n bá lu agogo àdúrà, àwọn ọmọ wa á kó ìwé, wọ́n á máa lọ sílé. Bí a bá lu tiwa, àwọn ìyá àgbà tó wà lọ́hùn-ún á kúnlẹ̀. La bá fi agogo sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Òfin wọn gba ọmọ láàyè láti bọ́ bàtà ní kíláàsì. Ọmọ mi bọ́ tirẹ̀, ó jókòó ti fèrèsé, ó ń retí àsíá. Nígbà tí àsíá kọjá, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n máa dúpẹ́, ni agogo ọ̀sán dún lẹ́yìn ògiri. Abẹ́ tábìlì ni a ti fà á jáde.

"Ìyá Ìjọ wọn ló ń lù ú fúnra rẹ̀," ni ọ̀gá náà wí. "A bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní agogo Olúwa kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé ìwé. Ìkàtẹ́ ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó ta ilẹ̀ ibẹ̀ fún àwọn oní-ẹ́sítéètì."

N kò béèrè orúkọ Ìyá Ìjọ.

Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Yanrìn ẹnu géètì wọn ń jó bí iná. Ọmọ mi ti bọ́ bàtà kó tó débẹ̀. Èmi ni wọ́n rán létí pé kí n bọ́ tèmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sórí àga nínú aṣọ funfun, ó ti darúgbó.

"Ìyàwó wa, ó tọ́jọ́ mẹ́ta. O ti gbàgbé wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò gbàgbé nǹkan kan."

"Mo mọ̀. Ìwọ kẹ̀! Ọmọ náà rèé? Ó mà ga o. Kò kí mi."

"Kì í kí ènìyàn."

"Ó ṣáà mọ̀ pé a kì í wọ bàtà wọlé Olúwa. Ó sàn jù ọ́ lọ."

Ọ̀rọ̀ tó mú bí abẹ wà lẹ́nu mi láti ọdún wọ̀nyí wá. Ó rẹ̀ mí, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ dípò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ má lu agogo ní ọ̀sán ọjọ́ ilé ìwé, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, láti Ìkàtẹ́ títí dé abẹ́ tábìlì. Ó ní kí n má wá fi àbùkù kan iṣẹ́ Ọlọ́run. Ọmọ mi ti wà lẹ́nu géètì, ó ń to bàtà àwọn ará ìjọ sórí ìlà gbọọrọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi na ọwọ́ sí agogo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dún díẹ̀, bí ṣíbí tó kan àwo.

Ọmọ mi ju bàtà nù, ó wólẹ̀ sínú yanrìn gbígbóná, apá rẹ̀ méjèèjì lórí etí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ọwọ́ bọ inú agogo, ó di ahọ́n rẹ̀ mú. Ó wo ọmọ náà pẹ́. Ó tú àmùrè ìdí rẹ̀, ó fi wé agogo yíká yíká, ó sì gbé e sí abẹ́ àga. Kò bẹ̀ mí. N kò sì dárí jì í. Ohun tó sọ nìyí:

"Lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹnu la ó máa fi pe ara wa sí àdúrà ọ̀sán. Ọlọ́run kì í ṣe adití."