Báńdéèjì Tí Kò Tó

Bàbá Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé tílẹ̀ bá ti mọ́, ariwo "Wo ẹsẹ̀ rẹ!" ni ó ń pa mọ́ àwọn akànṣẹ́ tó ń kọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Láti ọdún mọ́kànlá, kò sí ẹlòmíràn tó ń di báńdéèjì mọ́ ọwọ́ Àpáta, akànṣẹ́ tó gba bẹ́líìtì ọ̀gá akànṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀nà kan náà ni: ẹ̀ẹ̀mẹta yí ọrùn ọwọ́ ká, ẹ̀ẹ̀mẹrin lórí ìkúùkù, kí ó gba àárín ìka kọjá, kí ó tún padà sí ọrùn ọwọ́. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta ló máa ń ṣẹ́ kù nínú báńdéèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìjà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, báńdéèjì ọwọ́ ọ̀tún parí sí ìdí àtàǹpàkò. Bàbá tú u, ó tún un dì. Ibẹ̀ náà ló parí sí.

"Ó ti súnkì ni," Àpáta wí, ó ń wo ògiri. "Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ ló gbóná jù."

Bàbá tú u kúrò. Ó di báńdéèjì kan náà mọ́ ọwọ́ òsì. Ó ṣẹ́ ku ìka mẹ́ta gẹ́lẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Irọ́ eléyìí kò rìn tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ìgbà wo ló ti wú?"

"Ìjẹta. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í kó le dáadáa, màá jà á. Tí mo bá fà sẹ́yìn, wọ́n á gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ mi. Ta ló máa fún ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì láyè míì?"

Òótọ́ ló sọ, ó sì dun Bàbá wọ eegun, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò gba bẹ́líìtì rí. Lọ́dún tó yẹ kó gbà á, eegun ọwọ́ rẹ̀ sán. Ẹni tó ń kọ́ ọ rí i, ó mójú kúrò, ó jẹ́ kó jà bẹ́ẹ̀. Títí dòní, ìka rẹ̀ méjì kò ká. Báńdéèjì gbòòrò, ó ṣeé mú. Bọ́tìnì ni kò ṣeé mú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a dè é.

Ó fa bọ́tìnì méjì tú láyà ẹ̀wù rẹ̀. "Bá mi dè é."

"Ṣé èmi ni ìyàwó yín ni?" Àpáta rẹ́rìn-ín. Báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ òsì, nítorí náà ó na ọ̀tún. Bọ́tìnì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún mú un, ó tún bọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti di ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí tèmi ti rí bẹ́ẹ̀," Bàbá wí. "Akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ."

Àpáta jókòó, ó sunkún. Bàbá jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, kó tó pe àwọn tó ṣètò ìjà náà.

Pẹ̀lú àyà ẹ̀wù ṣíṣí ni Bàbá délé.

"Ta ló tú ẹ̀wù yín?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Èmi ni. Àpáta ò ní jà mọ́."

"Bẹ́líìtì ńkọ́?"

"Ó ti lọ. Ọwọ́ ọmọ náà ṣì wà."

Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó bá a de bọ́tìnì méjèèjì.