Tíṣà Ajíbóyè, Hóònù Èmùré

Bí ẹ bá wà ní Èmùré láwọn ọdún àkọ́kọ́ tí a gba Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí ẹ sì gbọ́ tí ẹnìkan ń ké lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ẹ má wulẹ̀ gbé omi dání. Tíṣà Ajíbóyè ni. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Hóònù lẹ́yìn. Ó mọ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́ràn orúkọ náà.

Oko àgbàdo bàbá rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì ló ti rí ohùn yẹn, níbi tó ti ń lé ọ̀bọ ní kékeré. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ló ti kọ́ ìyìn. Nígbà tí òun náà ń sáré nílé ẹ̀kọ́, èébú nìkan ni olùkọ́ wọn mọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ṣèèṣì sọ pé, "O mà gbìyànjú," ọjọ́ náà ni Ajíbóyè gba ipò kìn-ín-ní. Látìgbà náà, yinniyinni kẹ́ni ó ṣèmíràn ni òfin rẹ̀. "Àkànní, ẹyẹ ni ọ́!" ni yóò ké, Àkànní yóò sì fo igi tí wọ́n gbé dábùú lókè bí ẹni pé ìyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù sí i lápá.

Ara Moyinolúwa nìkan ni oògùn yìí kò ti jẹ́. Bí ọmọbìnrin náà bá ń dá sáré láàárọ̀, kò sí ọkùnrin kíláàsì rẹ̀ tó lè bá a. Ṣùgbọ́n kí Ajíbóyè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kó ké pé, "Moyin! O ṣeun! Ọmọ dáadáa!" ọmọ á yíjú sí i, orúnkún á tẹ̀, ètè á mì, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì kọjá. Ajíbóyè rò pé orúnkún ló ń dùn ún, ó ra Róòbù fún un. Gbogbo kíláàsì ń rùn, orúnkún kò yéé tẹ̀.

Ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Adó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní níbẹ̀ ni yóò máa sáré fún Èkìtì. Nígbà tí a wà lábẹ́ Oǹdó, ilé ẹ̀kọ́ náà kò mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́ asáré ìpínlẹ̀ rí, Ajíbóyè sì ti fi Moyin yangàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ìyáàfin Adéwùmí, là á mọ́lẹ̀ fún un: "Bí orúnkún rẹ̀ bá tún tẹ̀ báyìí, ẹlòmíràn la ó mú lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ajíbóyè, ló bá gba ilé Moyin lọ. Màmá Mojírádé, ìyá àgbà tó ń tọ́ Moyin, ń bó ẹ̀gẹ́ lójúde.

"Ẹ kú uṣẹ́, mà."

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o." Ó yíjú sí ẹ̀yìnkùlé. "Moyin!"

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Gìrìgìrì ẹsẹ̀ nìkan ni Ajíbóyè gbọ́. Ọmọ náà yọ pẹ̀lú eré tí Ajíbóyè kò rí i kó sá rí ní pápá, ó dé iwájú ìyá àgbà, ó kúnlẹ̀, kó tó wá sọ pé, "Mà."

"Kí ló dé tí kò dáhùn láti ọ̀hún?" Ajíbóyè béèrè.

"Háà, Tíṣà! Ọmọ kì í jẹ́ àgbà lóhùn lókèèrè nínú ulé yìí. Bí mo bá pè é, á sáré dé ọ̀dọ̀ mi, á kúnlẹ̀, kó tó jẹ́. Bí àgbà bá sì yìn ín, á kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ulé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Ajíbóyè yíjú sí ọmọ náà. "Moyin, nígbà tí mo bá ń yìn ọ́ ní pápá..."

"Mo ń dúpẹ́ ni, sà. Ẹ kì í jẹ́ kí n dúpẹ́ tán kí ẹ tó tún yìn mí."

"Róòbù ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi para, sà."

Ajíbóyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn ún pẹ̀lú pé ẹnu tí òun gbójú lé ló ń dá ọmọ ọlọ́mọ dúró. Lọ́jọ́ kejì, ó panu mọ́. Moyin sáré dáadáa, àmọ́ ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Sà," ó béèrè, "ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Ajíbóyè rí i pé ìdákẹ́ náà kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, kò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá mọ́. Ó lọ dúró lẹ́yìn okùn òpin eré. Ìbọn dún. Nígbà tí wọ́n yọ ní kọ̀rọ̀, ẹni méjì wà níwájú Moyin. Ajíbóyè lanu. Kò yìn ín rárá. Ohùn tó fi ń lé ọ̀bọ ló gbé sókè, ó sì pè é bí ìyá àgbà ṣe ń pè é.

"Moyinolúwaaa!"

Ọmọ náà gbórí sókè. Àgbà ń pè. Ó kọjá ẹnìkan, ó kọjá èkejì, ó já okùn, kò sì dúró. Àwọn adájọ́ ń wá ẹni tó gbégbá orókè, Moyin ti kúnlẹ̀ síwájú Ajíbóyè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Sà. Ẹ pè mí. Ṣé ẹ fẹ́ rán mi níṣẹ́ ni?"

Ajíbóyè fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ó wí. "Lọ bá mi gba mẹ́dàlì góòlù yẹn wá."