Ohùn Tó Dé Ẹ̀yìn Aṣọ

Òórùn òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ àti ti pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, òun ló máa ń kí èèyàn káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Ìkòtún, títí di òní tí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi, ńṣe ni inú mi máa ń dùn ṣá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn, mo ń kọ́ṣẹ́ sípíkà kíkàn, èmi nìkan sì lobìnrin níbẹ̀. Oníbàárà á dé, wọ́n á ní kí n lọ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wá. Ìwọ náà mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ra sípíkà, àbí? Wọ́n á gbé e wò bóyá ó wúwo, wọ́n á ka iye wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á ní kí á fi orin sí i, tí àyà wọn bá ti mì tìtì, ó parí nìyẹn.

Iṣẹ́ kan wá wọlé láti mọ́sálásí tí ìyá màmá mi ń lọ ní Igando. Wọ́n ti fẹ mọ́sálásí náà sẹ́yìn, àwọn obìnrin wá bọ́ sí ìdí pátápátá, lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta. Alága wọn fẹ́ sípíkà méjì gbàǹgbà síwájú. Mo sọ ọ́ nílé, ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, mo wá bi wọ́n pé ṣé wọn kì í gbọ́ wàásù tẹ́lẹ̀ ni.

"Mo máa ń gbọ́ pé wọ́n ń wàásù," ni wọ́n wí. "Ohun tí wọ́n ń sọ ni mi ò mọ̀. Tí àwọn iwájú bá ti ṣe àmín, èmi náà á ṣe àmín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Obìnrin tó ń jí wẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, tó ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ Àsálátù, àmín nìkan ló ń kó bọ̀ wálé.

Nígbà tí a kan àpótí méjèèjì tán, ọ̀gá mi dán wọn wò láàárín ọ̀sẹ̀, mọ́sálásí ṣófo. Wọ́n dúró síwájú àpótí, wọ́n ní "hẹ̀lóò, hẹ̀lóò," nọ́ńbà tí ètò kan lórí fóònù wọn fi ń ka bí ohùn ṣe pọ̀ tó sì gòkè, alága pàtẹ́wọ́. Mo lọ sẹ́yìn aṣọ, èmi náà gbọ́ ọ kedere. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ló ń wàásù fún ẹní lásán?

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Àsálátù tí èrò bá kún."

"Ó ti yá, ẹnjiníà. Tó o bá dójú tì mí, ìwọ lo máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù dé ọdún tó ń bọ̀."

"Èmi náà ṣáà ni mò ń gbá a, sà."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo jókòó sáàárín àwọn ìyá, fóònù lórí itan mi. Fáànù ń pariwo, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ògiri, ara àwọn èèyàn àti aṣọ ọrùn wọn sì ti mu ohùn náà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Àáfà ń sọ̀rọ̀ àti nígbà tí wọ́n dákẹ́ mu omi, nọ́ńbà orí fóònù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Lọ́wọ́ kan náà, àwọn bàbá tó wà níwájú ń fi ọwọ́ bo etí. Mo fi nọ́ńbà náà han ọ̀gá mi, wọ́n sì gbé e lọ han alága.

Alága ní, "Ẹ kàn án kó tóbi sí i nígbà náà."

"Bàbá, etí àwọn iwájú á di," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe kékeré mẹ́rin, ká gbé wọn kọ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì, kí méjì ìgbẹ̀yìn wà lókè orí àwọn ìyá."

"Kékeré? Káwọn mọ́sálásí àdúgbò kejì wá máa sọ pé rédíò la gbé kọ́?"

Ọ̀gá mi ní, "Alága, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Òun ló jókòó síbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, a ti kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì ti gbé wọn kọ́ ògiri, mo tún jókòó lẹ́yìn aṣọ. Bí Àáfà ṣe la ẹnu, nọ́ńbà fò ga kọjá ariwo fáànù, mo sì ti gbàgbé fóònù, ojú àwọn ìyá ni mò ń wò. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì léèrè ohun tí Àáfà sọ. Àáfà wá béèrè pé ta ló rántí ohun tí àwọn sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohùn ìyá àgbà jáde láti ẹ̀yìn aṣọ.

"Àáfà, àwa ò gbọ́ tọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Gbogbo mọ́sálásí rẹ́rìn-ín, Àáfà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti orí títí dé ìdí. Mo sunkún jàre, ayọ̀ ni.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ọ̀gá mi gbé bírò ńlá lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n kọ iye wáàtì sẹ́yìn àpótí. Mi ò kọ wáàtì nìkan. Mo kọ ọ́ pé tí èrò bá kún, tí fáànù ń ṣiṣẹ́, ohùn yìí á dé òpó kejì síbi tí a gbé e kọ́ kedere. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ ìkọ̀wé mi wà lára iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ti ní tèmi ní Ẹ̀gbẹ́dá báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ń wá, iléèwé ń wá, kóówá pẹ̀lú iye wáàtì tó fẹ́. Kí n tó mú pákó, mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló ń jókòó jìnnà jù, kí wọ́n mú mi lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.