Òrùka Igi Ìgbòkun

Bí mo bá ti ṣí kẹ́ẹ̀gì àdí ní ìsọ̀ mi, òórùn rẹ̀ a gbé mi padà sétí odò Yewa, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bọ́dà ṣì wà ní títì. Ìyá mi wà ní Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún, lódìkejì bọ́dà. Wọ́n ní ọjà ló lọ tà. Bàbá mi ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí bọ́dà lòun máa fọkọ̀ lọ gbé e.

Ọkọ̀ ọ̀hún ti gbó ju bàbá mi lọ. Òrùka irin tó so igi abẹ́ aṣọ ìgbòkun mọ́ òpó ti dípẹtà. Bàbá yọ ọ́, ó fi àdí pa tuntun, ó dè é. Ó wá gbé mi jókòó sórí àpótí nínú ọkọ̀, láyè tí ìyá mi máa ń jókòó sí, kí n lè ga tó o, ó gbé agbọ̀n rù mí bí ẹrù ọjà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́, igi yí wá, ó gbá agbọ̀n sódò.

"Ó ti lọ sílẹ̀ jù," ni Bàbá wí. "Ìyá rẹ kì í bẹ̀rẹ̀ fún èèyàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti igi."

Ó yọ agbọ̀n lódò, ó gbé e padà rù mí, ó wá tú òrùka, ó sún un sókè lára òpó. Ìyá ẹlẹ́ja kan tó ń kọjá kígbe pé, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ kúkú kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ọkọ̀!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Bọ́dà kọ́ ló dá ìyá mi dúró; nígbà tí wọ́n ṣí i, kò fẹ́ padà wálé.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó láyè rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, agbọ̀n lórí, tí igi ń lọ tó ń bọ̀ lókè mi, tí kò kàn mí.