Orin Gbádéyan Nínú Ọkọ̀ Topo

Kò sẹ́ni tó lé Gbádéyan kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ti ń tẹ dùùrù oníná l'Ékòó. Òun fúnra rẹ̀ ló bínú kúrò. Ó ní orin wọn ti kúrú jù; èèyàn ò tíì fìdí lélẹ̀ tó fi ń parí. Ó padà sílé ìyá rẹ̀ ní Ibereko, ó sì gbé àwo tirẹ̀ jáde: orin kan ṣoṣo, tó gùn tó ìwàásù ìkórè, tí ẹnikẹ́ni ò sì la ohùn nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Màmá Eunice, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí.

"Ó dùn, ọmọ mi. Ìgbà wo lorin gan-an máa wá bẹ̀rẹ̀?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ràn àwo náà: Zinsu, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò lọ sí Topo. Ó ní bí òun bá ti tan orin náà, èrò kì í bára wọn jà mọ́, oorun ni wọ́n ń sùn. Gbádéyan ò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí èébú, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ lójoojúmọ́, láìní nǹkan kan ṣe ní Topo. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọkọ̀ á ti gúnlẹ̀ kí orin tó dé ìparí, níbi tó dùn jù.

"Zinsu, jọ̀ọ́, máa rọra wà á."

"Fofo," ni Zinsu dáhùn, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n, "orí omi la wà o, a ò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì kú láàárín ọ̀sà. Oorun dá lójú èrò. Bí Zinsu ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì wò, orin ń lọ, kò sì síbi tí wọ́n lè sá sí. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀. Gbádéyan dijú. Nígbà tó lajú, ìyá kan tó ń ti ọjà Agbalata bọ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Nurat, ń nu omijé.

"Ṣé orin náà wọ̀ yín lára ni, mà?"

"Orin wo? Mi ò lè lúwẹ̀ẹ́!"

Ọkọ̀ mìíràn ló wá fà wọ́n gúnlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Topo ti gbọ́ pé orin yẹn bá ti dé ìparí, ẹ́ńjìnnì á kú. Zinsu bẹ Gbádéyan pé kó má bínú, ó sì yọ àwo náà kúrò nínú ọkọ̀.

Látìgbà náà ni èrò ò ti wọ́n nílé Gbádéyan. Kálukú fẹ́ fetí ara rẹ̀ gbọ́ orin tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Tayọ̀tayọ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti kù díẹ̀ kó parí, àwọn tó gun ọ̀kadà wá á dìde, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì sáré jáde.