Mì-Í-Wò Ń Wá Ibi Tí Bàbá Yóò Jókòó Jẹun

Mì-Í-Wò ni wọ́n ń pè é. Káfíńtà ni. Kò sí àga tó lè jókòó lé láìkọ́kọ́ mì í wò. Bó dé ilé ìgbéyàwó, á mì í. Bó dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ara ń ro ó, á mì í. Ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé àwọn, ó kí àga kó tó kí bàbá òun. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé e jáde.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Bó bá kan àga tán, á gun orí rẹ̀, á fò sókè, á tún balẹ̀ lé e. Àga tí kò bá lè gba ìyẹn, kò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá rẹ̀ kú nígbà òjò. Láti ìgbà náà, bàbá rẹ̀ kò jókòó jẹun mọ́. Ìdúró ló ń jẹun, nídìí sítóòfù, á máa ti inú ìkòkò bù ú sẹ́nu. Ṣíbí kan, ṣíbí méjì, ó tán. Àga méjì ló wà ní kíṣìnì. Kò jókòó lé tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìkejì kúrò. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un níbòmíràn, á ní òun fẹ́ lọ na ẹsẹ̀. Ibi tó máa na ẹsẹ̀ dé, ilé rẹ̀ ni. Ṣòkòtò rẹ̀ ti ń já bọ́ nídìí. Ó fi okùn dè é. Ó ní bẹ́líìtì òun ló sọnù.

Ìdúró kò ṣòro fún un. Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ aṣọ kan ló ti ṣọ́nà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò fi géètì sílẹ̀ rí kí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó dé.

Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Mì-Í-Wò ló tẹ̀lé e. Àbíkẹ́yìn ń wa bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ìyẹn máa ń dé. Òun gan-an ò mọ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló dá a lábàá.

“Ilé yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ẹ jẹ́ ká mú wọn jáde lọ jẹun nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ibìkan nítòsí, ibi tí ò le. Ẹni tó bá tètè dé, kó jẹ. Ẹni tó bá pẹ́, kó bá wa níbẹ̀.”

“Ta ló máa lọ wá ibẹ̀?”

“Ìwọ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ wà ládùúgbò ni.”

Bàbá gbọ́. Ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n òun ò ní pẹ́. Wọ́n mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bó bá dìde lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti lọ nìyẹn.

Mì-Í-Wò gbéra. Ilé oúnjẹ mẹ́ta ló wà ládùúgbò. Nínú àkọ́kọ́, òórùn ọbẹ̀ ń fa èèyàn wọlé láti títì. Imú rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mi tábìlì, ìgò iyọ̀ sì ṣubú. Obìnrin tó ni ibẹ̀ yọjú láti ẹ̀yìn ìkòkò.

“Kí lẹ fẹ́ jẹ?”

“Mi ò tíì mọ̀, mà. Ẹsẹ̀ tábìlì yín kan kúrú.”

“Ṣé ẹsẹ̀ tábìlì lẹ wá jẹ ni?”

“Ẹ má bínú, mà. Mo kàn ń wò ó ni.”

“Ẹ máa wò ó. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ò tíì sunkún.”

Ní ìkejì, àwọn àga ń dún bí eku tí wọ́n tẹ̀ nírù. Oníbàárà kan dìde lọ fọwọ́. Kó tó padà, Mì-Í-Wò ti da àga rẹ̀ dojú dé, ó ń wo ìṣó inú rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí afẹ́fẹ́.

Ní ìkẹta, ó mi tábìlì. Kò mira. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mì í. Kò mira. Ó fi ìbàdí tì í. Bí òkè ló rí. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin ni, wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì ńlá dè é mọ́ sìmẹ́ńtì. Díẹ̀ ló kù kó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó délé, ó ń sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó rí ọmọge.

“Oúnjẹ wọn ńkọ́?” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Oúnjẹ?”

“Ẹ̀n-ẹ́n, oúnjẹ. Nǹkan tí wọ́n máa ń gbé sórí tábìlì.”

“Á dáa. Ẹni tó ní irú tábìlì yẹn, á mọ ọbẹ̀ sè.”

Obìnrin náà wò ó títí. “Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi fi ẹ́ ṣọkọ mi,” ló wí.

Ọjọ́ Àìkú pé. Bàbá, Mì-Í-Wò, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kékeré ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n jókòó. Àga mẹ́rin, èèyàn mẹ́rin. Mì-Í-Wò fọwọ́ pa orí tábìlì bí ẹni ń pa orí ọmọ. Ìgbà yẹn ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wọlé nínú aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí àyè fún un.

“Kò sí wàhálà, ẹ jẹ́ ká so méjì pọ̀,” ni Mì-Í-Wò wí. Ó di tábìlì ẹ̀gbẹ́ wọn mú, ó fà á. Ó tún fà á. Ìgbà náà ló tó rántí nọ́ọ̀tì tó yìn.

“Ọ̀gá, ẹ fi tábìlì mi sílẹ̀ o,” ni onílé oúnjẹ pariwo. “Ẹni mẹ́rin-mẹ́rin ni.”

“Àbúrò wa kan ṣì ń bọ̀, sà.”

“Nígbà wo?”

Àǹtí Nọ́ọ̀sì yọjú wo títì.

“A kì í gba àyè pa mọ́ fún ẹni tí ò tíì dé.”

Bàbá ti dìde wéré. Ojú rẹ̀ ń dán. “Jókòó, ìyá mi,” ó sọ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì. “Ìwọ lo tibi iṣẹ́ bọ̀. Ìdúró ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ kàn jẹ́ kí n lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀.”

Mì-Í-Wò fi tábìlì sílẹ̀. Nínú gbogbo àdúgbò, ibi tí bàbá ti lè rí ọ̀nà sá lọ ló mú wọn wá.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti gbá bàbá lápá mú, bí aláìsàn tó fẹ́ sá fún abẹ́rẹ́. “Gbogbo wa la jọ ń na ẹsẹ̀, sà. Ẹ̀yin yòókù, ó yá, ẹ dìde!” Nígbà tí wọ́n bọ́ síta, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. “Ìwọ àti tábìlì ẹ. Ọbẹ̀ ibo ló ń ta sánsán báyìí?”

“Ọ̀hún yẹn ni. Ẹsẹ̀ tábìlì wọn kan kúrú.”

“Tìẹ náà á kúrú láìpẹ́.”

Wọ́n sọdá. Obìnrin ẹ̀yìn ìkòkò rí Mì-Í-Wò. “Háà! Ẹni tó ń jẹ tábìlì ti dé! Mélòó ni yín?”

“A ò mọ̀, mà. Bóyá mẹ́fà. Ọ̀kan wà lọ́nà.”

“Ẹ wọlé. Bó bá dé, ẹ ó sún mọ́ra.” Ó ti so tábìlì méjì pọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ìrẹsì dé, ọbẹ̀ dé, ẹja dé. Bí wọ́n ṣe gbé àwo tó wúwo lé e, tábìlì yí sí apá kan. Ọbẹ̀ gba ọ̀nà aṣọ funfun Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Bàbá sáré ki orúnkún sábẹ́ tábìlì, ó gbé e sókè. Ọbẹ̀ dúró.

“Mo ti mú un,” ó wí, bí ẹni ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ti ti géètì.

Wọ́n ń jẹun. Bàbá ò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. “Ẹ jẹ́ kí n kàn lọ...” Orúnkún rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, tábìlì tẹ̀ lé e, ife ń yọ̀ lọ.

“Bàbá!” ni gbogbo wọn pariwo.

Ó jókòó padà. Ó gbé orúnkún sókè. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo tábìlì. Kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ẹsẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ ò níṣẹ́. Ọwọ́ bá mú ṣíbí.

Ẹsẹ̀ tábìlì nìkan ni Mì-Í-Wò ń wò. Kò lè fara dà á mọ́. Ó fa pákó pẹlẹbẹ kan yọ nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sílẹ̀ lórí àga rẹ̀ kó lè kì í sábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú náà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbá a nípàá.

“Yéè!”

“Kí ló dé?” ni Bàbá bi í.

“Ẹ̀fọn ni, sà,” ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì dáhùn fún un. Ó tẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. “Bó o bá fi igi sábẹ́ tábìlì yìí, èmi ni màá fi ẹ́ sábẹ́ ẹ̀. Wo ọwọ́ wọn.”

Ó wò. Ọwọ́ bàbá ń lọ sẹ́nu, ó ń bọ̀, ó tún ń lọ. Ìrẹsì ti dé ìdajì àwo.

Mì-Í-Wò ki pákó padà sápò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá gé ẹja, tábìlì á ké. Bó bá ké, àágùn á bo Mì-Í-Wò. Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sínú ife.

Àbúrò wọn onímọ́tò dé nígbà tó wù ú. “Ẹ má bínú, ọ̀nà ló...”

“Jókòó pẹ̀lẹ́,” ni Bàbá wí. “Má tì í. Èmi ni mo mú un.”

Wọ́n sún mọ́ra. Olóúnjẹ gbé àwo tuntun wá. “Bàbá, ṣé kí n fi kún tiyín?”

Bàbá wo àwo rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. “Ẹ bu díẹ̀ sí i,” ló wí. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ rẹ̀ káfíńtà. “Ìwọ ńkọ́? Láti ìgbà tá a ti jókòó, o ò jẹ nǹkan kan. Ṣé o fẹ́ rù ni?”

“Mò ń jẹ, sà.”

“Ọwọ́ ẹ dà?”

Mì-Í-Wò yọ ọwọ́ lábẹ́ itan. Bàbá mú ẹja tí olóúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sórí àwo rẹ̀, ó nawọ́ gbé e sínú ti ọmọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí tábìlì má baà yí.